Mo gba máìkì lọ́wọ́ olórin nítorí Àyìnlá Ọmọwúrà, ìyá ọkọ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ni mo fẹ́ràn. Mi ò sọ pé gbogbo àpàlà o. Àyìnlá ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n pa á ní Àgọ́-Ìka, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sì tó bí mi, nítorí náà mi ò fojú kàn án rí. Bàbá bàbá mi ló fi í lé mi lọ́wọ́. Awakọ̀ ẹrù ni wọ́n nígbà ayé wọn, Abẹ́òkúta sí Èkó. Nígbà tí wọ́n papò dà, àwo mẹ́rìnlá ni wọ́n fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti Àyìnlá, gbogbo rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ EMI gbé jáde, pẹ̀lú ṣéńjà kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, tí ìdérí rẹ̀ ti là. Àwọn ọmọ wọn pín ilẹ̀, wọ́n pín àga, wọ́n pín agbádá. Kò sẹ́ni tó béèrè àwo. Èmi ni mo kó wọn sínú páálí ọṣẹ, mo gbé e ka itan lórí ọ̀kadà láti Adátán délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbọ́ wọn. Aró kì í tán lábẹ́ èékánná mi, nítorí náà mo máa ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú àwo. Etí rẹ̀ ni mò ń dì mú, ìka mi kì í kan ojú rẹ̀ níbi tí orin wà. Tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ lé e, á kọ́kọ́ máa ta ṣáṣá bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn, lẹ́yìn náà ni ìlù Adéwọlé Onílùọlá á wọlé, gbogbo yàrá á sì yí padà. Orin kan á máa wọnú èkejì títí ojú àwo á fi parí, ìlù ló máa ń gbé wọn kọjá. Ibi tí ìlù ti ń yíwọ́ padà yẹn, mo mọ̀ ọ́n lórí àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ọ̀kan nínú wọn ti ha níbì kan. Bàbá bàbá mi máa ń fi ìka sún abẹ́rẹ́ síwájú tó bá débẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ wò ó. Èmi náà ń ṣe é báyìí, ọwọ́ mi á ti dìde kí ó tó débẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló rọrùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wò mí bákan, wọ́n ní orin ilé ọtí ni. Àyìnlá alára sì máa ń bá obìnrin wí nínú orin ju bó ṣe ń bá ọkùnrin wí lọ. Àwọn ibì kan wà tí mo máa ń dín ohùn rẹ̀ kù tí ọmọbìnrin mi bá wà nílé, nítorí mi ò fẹ́ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin lẹ́nu ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Ó ń dùn mí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n dín ohùn kù lọ.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó wà níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí irú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan wá láti Ìbàdàn láti ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí mo ṣe ń ka aṣọ fún wọn, mò ń kùn orin lábẹ́ ahọ́n, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Bàbá yìí bá gbà á lẹ́nu mi. Mo gbé e, wọ́n gbè é. Àwọn ọmọkùnrin tó ń lu aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì bá yí kùmọ̀ wọn sí ìlù àpàlà, aṣọ ń dún gbì-gbì-gbì lábẹ́ igi. A kọ odindi ojú àwo kan parí, aṣọ yáàdì márùn-ún ṣì ká mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí a parí, Bàbá nu ojú wọn, wọ́n san owó, wọ́n lọ. Mi ò béèrè orúkọ wọn.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. A ṣe òkú bàbá ọkọ mi. Gbogbo àwa ìyàwó ilé wọ àdìrẹ kan náà, èmi gan-an ni mo pa á láró. Lójú agbo, olórin tí wọ́n pè bẹ̀rẹ̀ orin Àyìnlá kan, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀, ara mi ti gbóná. Bó ṣe parí ẹsẹ kejì, ó ní, "Bí Hárúnà Ìṣọ̀lá, Bàbá Gani Àgbà, ṣe kọ ọ́ nìyẹn o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ní Abẹ́òkúta! Ibi tí a jókòó sí sí Ìtòkò tí wọ́n bí Àyìnlá sí ò ju ọ̀kadà kan lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún Hárúnà, àgbà olórin àpàlà ni. Ṣùgbọ́n orin yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò láàárín àwọn ìyàwó ilé. Mo ti dé iwájú, mo ti gba máìkì, ohùn mi sì ń gbọ̀n: "Ẹ jọ̀ọ́, Àyìnlá ló ni orin yìí. Eégúnmọ́gàjí ló ni ín. Ọmọ ìlú yìí ni." Ìlù dákẹ́. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Olórin gba máìkì rẹ̀ padà jẹ́jẹ́, ó ní "A dúpẹ́, Ìyàwó," wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná, báàgì Màmá, ìyá ọkọ mi, ṣì wà léjìká mi, títí tí wọ́n fi ń kó àga.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ kí Màmá, "O ṣé" nìkan ni wọ́n ń dá mi lóhùn. Wọn kì í pe orúkọ ọmọ mi mọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Ọkọ mi ní kí n lọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin náà fún wọn, kí n sì gbé àwo yẹn kúrò ní pálọ̀. Ṣé kí n gbé e kúrò? Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn olórin tàbí òṣèré báyìí ṣe ń ṣe é tí kì í kó yín sí wàhálà? Kí ni mo máa sọ fún Màmá?

---

Bàbá_Ìbarà

Ọmọ mi, o kú ìrántí. Ọjọ́ orí mi ti lé ní 70, mo sì fi ojú mi méjèèjì rí Àyìnlá lójú agbo, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, kò lọ sílé ìwé, ó wakọ̀, ó pa ẹran, ó ṣe iṣẹ́ káfíńtà kó tó di olórin. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa tí a ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ fi rò pé tiwa ni. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kà wá ní 1973, ó kọrin ìkànìyàn náà. Èmi ò ní rédíò nígbà yẹn, ẹnu Àyìnlá ni mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ dúró sílé kí wọ́n kà mí.

Ó ní bó ṣe máa ń dúró. Kì í tètè kọrin. Á jẹ́ kí àwọn onílù lù ú fún ìgbà pípẹ́, á máa wo àwa èèyàn bí ẹni ń wá ẹnì kan láàárín wa. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ló máa rò pé òun ni. Ìgbà tó bá lanu báyìí, àwọn obìnrin á ti dìde kó tó parí gbólóhùn kìíní.

Nígbà náà, àwa tí a jẹ́ ti Àyìnlá àti àwọn tó jẹ́ ti Hárúnà ò lè jókòó sórí tábìlì ọtí kan. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣọ̀tá fún ọdún méjì nítorí ọ̀rọ̀ ta ló jù. Ọdún méjì! Ìyàwó rẹ̀ bímọ, mi ò lọ síbi ìkómọ. Nígbà tí wọ́n pa Àyìnlá sínú ìjà ilé ọtí, tí wọ́n fi ife lásán gba ẹ̀mí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yìí ló kọ́kọ́ wá kí mi. Ó jókòó, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ lé mi lórúnkún. Hárúnà náà lọ ní 1983, èmi náà sì gbéra lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, òótọ́ lo sọ lójú agbo, inú mi sì dùn pé ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló sọ ọ́. Má gbé àwo kúrò ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n òkú kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn, ọmọ mi. Ọjọ́ olóòkú ni. Àti pé, ṣé òró lo to àwọn àwo náà ni àbí o tò wọ́n léra? Tí o bá tò wọ́n léra nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí, wọ́n á tẹ̀. Tò wọ́n lóòró bí ìwé, jìnnà sí fèrèsé.

---

Onígángan

Ẹ̀gbọ́n, mo ń lu gángan nínú ẹgbẹ́ olórin kan ní ìlú yìí, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ẹ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Olórin tí ẹ rí yẹn, ó lè ti máa kọrin láti aago méjì ọ̀sán. Ẹnì kan ń sọ orúkọ ọlọ́jọ́ sí i létí ọ̀tún, ẹlòmíràn ń fún un ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àna sí, ó sì gbọ́dọ̀ wá orin tó bá orúkọ kọ̀ọ̀kan mu kí ìlù má bàa já. Láàárín ìyẹn, ẹnu lè ṣì í. Orúkọ Hárúnà ló sún mọ́ ọn lẹ́nu ló fi bọ́. Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá tèmi pe ìyàwó ní orúkọ ìyálé. Ọjọ́ náà kò dùn rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àṣírí kan: olórin kì í gbọ́ ohun tí ẹ ń pariwo láti ìsàlẹ̀, ìlù ló ń gbọ́. Etí rẹ̀ ò kúrò lára ìyáàlù, nítorí ibẹ̀ ló ti ń mọ ibi tó kàn. Ìlù ni kí ẹ wá bá. Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ jó wá sí ọ̀dọ̀ onílù, ẹ fi nǹkan sí i lọ́wọ́ nínú àpòòwé (nísinsìnyí tí ìjọba ń mú èèyàn nítorí owó nínà lójú agbo), kí ẹ sì sọ sí i létí pé, "Àyìnlá ló ni ín." Èmi á fi gángan pe Àyìnlá, ọmọ Gbogbolówò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá á ti sọ ọ́ lórí máìkì bí ẹni pé òun ló rántí. Kò sẹ́ni tí ojú á tì.

Mo sì fẹ́ sọ èyí: inú wa máa ń dùn tí a bá rí ẹni tó mọ orin. Ẹgbẹ́ èèyàn tó pọ̀ jù ń wo fóònù wọn nígbà tí a bá ń lù. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìlù ti ń yíwọ́ padà, tèmi ni, mi ò kì í fẹ́ kó jókòó sẹ́yìn ilé.

---

Ọmọ_Kámpù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé àwo kúrò. Sinimá alátìgbàdégbà tàwọn ará Kòríà ni tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọ̀nà Kámpù ni mo ń gbé. Ẹnì kan kú nínú ọ̀kan nínú wọn, mo sì sunkún débi pé àwọn tí a jọ ń gbé yàrá pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n rò pé òkú ti kú nílé wa. Ìyá mi sáré gbé ọkọ̀ láti Ọ̀tà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ lẹ́tà wọn, 24 péré ni, ọba wọn kan tó ń jẹ́ Sejong ló ṣètò rẹ̀ láyé àtijọ́, ní nǹkan bí 1443, kí mẹ̀kúnnù lè mọ ìwé kà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Tí obìnrin bá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, á ní oppa. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, á ní hyung. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá àgbà sọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ ẹni, bí "ẹ" àti "o" tiwa gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn kan yé láìka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, mo dìde dúró nínú yàrá, mo ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ibi tí mo ti lè kọ́kọ́ gbọ́ Àyìnlá.

---

Ìyá_Ìjẹmọ̀

Ìyàwó wa, mo ka gbogbo ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ orin kọ́ ló bí Màmá nínú. Báàgì ta ló wà léjìká rẹ nígbà tí o lọ dúró sẹ́yìn ilé? Kí ló wà nínú rẹ̀? Nígbà tí olórin tún bẹ̀rẹ̀, ta ló kàn tí wọ́n ń kì?

Lọ ronú sí i kí o tó lọ ṣàlàyé Àyìnlá fún opó.

---

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Ìjẹmọ̀, ẹ mà fọwọ́ bà á. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Owó Màmá ló wà nínú báàgì yẹn. Èmi ni wọ́n fún láàárọ̀, wọ́n ní, "Má jìnnà sí mi o, nígbà tí wọ́n bá pè mí." Bí mo ṣe jáde, Màmá ló kàn. Àbúrò ọkọ mi ló sọ ọ́ fún mi lánàá: olórin ki Màmá, ó ki bàbá tó bí wọn, ó ki ìyá tó bí wọn. Màmá ń jó, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn kí n fi owó sí i. Kò sẹ́nìkankan. Wọ́n tún na ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì láì bojú wẹ̀yìn. Olórin ò mọ̀, ó ń kì wọ́n lọ. Àfi ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tú etí ìró rẹ̀, tó fi tirẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Mo lọ lálẹ́ àná. Mi ò mẹ́nu kan Àyìnlá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé báàgì náà ka iwájú wọn, owó náà pé síbẹ̀ bí wọ́n ṣe fún mi, mi ò tíì ṣí i láti ọjọ́ náà. Mo ní, "Màmá, ẹ nawọ́, ẹ ò bá mi." Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nawọ́." Mo ní, "Wọ́n sọ fún mi, Màmá." Wọ́n wá sunkún. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n sunkún láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kódà níbi isà òkú. Mo dì wọ́n mú. Ó pẹ́ kí a tó dìde.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí padà, wọ́n pe orúkọ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ṣé ṣéńjà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, kí n gbé e wá ní Sátidé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Màmá. Wọ́n ní Bàbá ní àwo Hárúnà kan nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, àwọn ọmọ fi ṣeré títí ó fi fọ́.

Onígángan, mo ti kọ ohun tí ẹ sọ sínú ìwé. Ọmọ Kámpù, wá sí Ìtòkú ní ọjọ́kọ́jọ́ tí o bá ráyè, màá jókòó tì ọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ láti àwo kìíní. Bàbá Ìbarà, mo ti to wọn lóòró.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà ní Abẹ́òkúta tàbí nítòsí tó ní àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá tó fẹ́ tà? Kí ojú rẹ̀ má ha jù. Mo fẹ́ ẹ kó tó di Sátidé.